Ta ló mọ ibi tí ìwé ìrìbọmi ìjọ Àgùdà Topo wà?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ ìyá tó bí ìyá ìyá mi ló gbé mi wá. Topo ni wọ́n ti rì í bọmi, létí ọ̀sà nítòsí Àgbádárìgì, níbi tí àwọn fadá SMA (Society of African Missions, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Àgùdà) tẹ oko dó sí ní 1876, ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn tí wọ́n ti fìdí kalẹ̀ sí Èkó. Wọ́n ní ìyá yìí ń fi Látìn kọrin bí ẹni ń mumi, kò sì mọ ìtumọ̀ ẹyọ kan níbẹ̀!

Bébà kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ wa, ikán sì ti bá wa jẹ nínú ẹ̀. "Maria" ṣì hàn ketekete, àmọ́ ibi tí orúkọ bàbá rẹ̀ wà ti di ihò, orúkọ yẹn gan-an la sì ń wá.

Mo ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan lẹ́ẹ̀mẹta. Akọ̀wé ibẹ̀ á ní kí n padà wá lọ́jọ́ Ajé. Àná ló wá sọ pé òun ò gbọ́ Topo rí.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé Èkó ni wọ́n kó ìwé ìrìbọmi ibẹ̀ lọ ni, àbí ọ̀dọ̀ àwọn SMA ní Róòmù? Ẹni tó bá ti kọ lẹ́tà sí wọn rí, èdè wo lẹ fi kọ ọ́? Ẹ̀yin ọmọ Àgbádárìgì ńkọ́, ṣé ẹnì kan ṣì wà nílé yín tó mọ ìdílé àwọn ará Topo àtijọ́?