Kí ló dé tí Henry VII fi dá Írẹ́lándì padà sọ́wọ́ Earl ti Kildare?

Ìbéèrè
Ẹ̀yin olùfẹ́ ìtàn, mo kí yín. Mo ń ka ìtàn Gerald FitzGerald, Earl kẹjọ ti Kildare, tí àwọn ará Írẹ́lándì ń pè ní Gearóid Mór, ohun kan sì rú mi lójú. Ní 1487, ó wà lára àwọn tó dé Lambert Simnel, ọmọdé kan tí wọ́n fẹ́ fi gba ìtẹ́ lọ́wọ́ Henry VII, ọba Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ládé ní Dublin. Ní 1495, wọ́n tì í mọ́ Ilé Ìṣọ́ Lọ́ńdọ̀n. Síbẹ̀, ní 1496, ọba kan náà tún fi í ṣe ajẹ́lẹ̀ rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, kí ló fà á?

Ìdáhùn kìíní
Okùn àna ló fà á. Owó tí ọba yóò fi máa bọ́ ọmọ ogun ní Írẹ́lándì kò tó, bẹ́ẹ̀ ni Gearóid ti ní àna káàkiri: Eleanor arábìnrin rẹ̀ bímọ fún Conn O'Neill, olórí ìdílé O'Neill ní Ulster, Margaret ọmọ Gearóid fúnra rẹ̀ sì fẹ́ Piers Butler, láti ìdílé tó ti ń bá tiwọn du agbára tipẹ́. Nígbà tí Alison FitzEustace, ìyàwó rẹ̀, kú ní 1495 tí òun wà ní àhámọ́, ọba fi Elizabeth St John, ìbátan tirẹ̀, fún un láti fẹ́. Lójú tèmi, ọgbọ́n tó jinlẹ̀ jù tí Henry lò nìyẹn, nítorí ẹni tó ti di àna ọba kò ní tètè dé ẹlòmíràn ládé mọ́.

Ìdáhùn kejì
Òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n okùn yẹn a máa já. Eustacia, ọmọ Gearóid, ni Ulick Burke, olórí Clanricarde ní ìwọ̀-oòrùn Írẹ́lándì, fẹ́. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ ọdún 1504, baba ìyàwó àti ọkọ ọmọ kojú ara wọn ní Knockdoe, nítòsí Galway, Gearóid sì ṣẹ́gun. Àwọn kan ní ìyà tí Burke fi ń jẹ Eustacia wà lára ohun tó dá ogun náà sílẹ̀.

Ìdáhùn kẹta
Okùn àna já ní Knockdoe, àmọ́ òun náà ló gba ìdílé Gearóid là lẹ́yìn ikú Gearóid ní 1513. Nígbà tí wọ́n pa márùn-ún nínú àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ pọ̀ mọ́ Thomas ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní Tyburn, ibi tí wọ́n ti ń pa ọ̀daràn ní Lọ́ńdọ̀n, ní 1537, nítorí ọ̀tẹ̀ tí Thomas dì ní 1534, Gerald, àbúrò Thomas, ṣì kéré. Eleanor, ọmọbìnrin Gearóid tó ti di opó, ló gbà láti fẹ́ Manus O'Donnell, olórí ìdílé O'Donnell ní Ulster, kí ọmọ náà lè rí ibi sá sí. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti gbé e sá lọ sí Faransé ní 1540, wọ́n sì dá oyè ìdílé rẹ̀ padà fún un ní 1554.