Póòpù Julius II: jagunjagun àbí bàbá ìsàlẹ̀ àwọn ayàwòrán?

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ará, ṣé póòpù tó ń kó ọmọ ogun lọ jagun yìí náà ló ní kí Michelangelo, ayàwòrán ará Ítálì yẹn, kun àjà ilé ìjọsìn Sistine ní Vatican?

— Òun náà ni o. 1503 ló gorí oyè, 1506 ló lọ gba Bologna, ìlú kan ní Ítálì, ọdún yẹn náà ló fi òkúta ìpìlẹ̀ Ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́ tuntun lélẹ̀. Bàbá ò sinmi rárá!

— Raphael, ayàwòrán mìíràn, náà ń kun yàrá póòpù nígbà tí Michelangelo ń kun àjà yẹn.

— Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ère idẹ ẹ̀ tí Michelangelo ṣe sí Bologna, ìlú bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ ní 1511 ni wọ́n bá fọ́ ọ, wọ́n fi idẹ ẹ̀ rọ ìbọn àgbá, wọ́n wá ń pè é ní La Giulia, wọ́n fi orúkọ Julius ṣe yẹ̀yẹ́ 😂