Irin yíyọ́ ni àbí irin dídà? Lórí afárá Coalbrookdale

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ ìtàn afárá onírin orí odò Severn, ní Shropshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dábàá pé kí a pe irin tí wọ́n fi kọ́ ọ, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "cast iron", ní "irin yíyọ́". Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn. Yìnyín ń yọ́, àbẹ́là ń yọ́. Irin tó ti tutù, tó ti le gan-an, tí èèyàn sì ti ń gba orí rẹ̀ kọjá láti 1781, kí ló kù tó ń yọ́ lára rẹ̀?

"Irin dídà" ni temi. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì: ó pẹ́ tí Bíbélì Yorùbá ti ya ère gbígbẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ère dídà. Wọ́n á yọ́ irin, wọ́n á dà á sínú ihò tí wọ́n ti gbẹ́ bí wọ́n ṣe fẹ́ kó rí, á sì gan síbẹ̀. Ohun tí ilé iṣẹ́ Abraham Darby Kẹta, tó ń da irin ní Coalbrookdale, ṣe nìyẹn. Irin tí wọ́n dà fún afárá náà tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 378, wọ́n sì gbé e dúró ní 1779.

Kí "irin rírọ" ("wrought iron" lédè Gẹ̀ẹ́sì) wá jẹ́ ti alágbẹ̀dẹ. Ẹ fi ọmọ owú lu irin rírọ, á tẹ̀; ẹ lu irin dídà, á là. Irin dídà lè gbé ẹrù tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa, àmọ́ tí wọ́n bá fà á, kì í pẹ́ já. Ìdí rèé tí afárá náà fi tẹ̀ kọdọrọ bí ọrun: ẹrù orí rẹ̀ ń ti àwọn irin náà síra wọn ni. Ẹni tó bá kọ "irin" lásán ti gbé ìdí yìí sọnù.

Ẹ tún kọ ọ́ pé bóòtù ("bolt" lédè Gẹ̀ẹ́sì) ni wọ́n fi so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Rárá o. Iṣẹ́ káfíńtà ni wọ́n gbé wọ inú irin: wọ́n ki ahọ́n irin kan bọ ihò ara èkejì, wọ́n sì fi irin pẹlẹbẹ há a kó má baà mì. Òkè téńté, níbi tí ìlàjì méjèèjì ti pàdé, ni bóòtù wà. Ẹ má wulẹ̀ ṣẹ̀dá orúkọ fún ọ̀nà ìsopọ̀ yìí. "Ahọ́n àti ihò" yé ọmọdé.

Kékeré méjì ló kù. Ọkọ̀ ò gba orí rẹ̀ mọ́ láti 1934, ẹlẹ́sẹ̀ ló ń gbà á. Ironbridge sì ni orúkọ ìlú ẹ̀bá rẹ̀. Ẹ má túmọ̀ ìyẹn.