Àwòrán òkè Ìdànrè tí kọ̀ǹpútà mi kọ̀ láti fi pamọ́: ta ni ó ti rí irú rẹ̀ rí?

Oníkámẹ́rà Alágbàká
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ẹnì kan tí ó ń kọ́ ilé ìtura sí ìlú Oǹdó ni ó ní kí n ya òkè Ìdànrè láti òsì dé ọ̀tún, kí òun lè fi bo ògiri gbọ̀ngàn òun, tí ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 24. Mo gun àtẹ̀gùn tí ó lé ní 600 náà pẹ̀lú kámẹ́rà lọ́rùn àti ẹsẹ̀ mẹ́ta tí a ń gbé e lé léjìká, mo ya àwòrán 45 ní ìlà mẹ́ta, mo sì lẹ̀ wọ́n pọ̀ nígbà tí mo délé. Èyí tí ó jáde fẹ̀ ní píkísẹ́lì 41,000 (àwọn àmì kéékèèké tí ó para pọ̀ di àwòrán), ó sì ga ní 13,000. Mo tún ojú ọ̀run ṣe, mo pa wáyà iná kan tí ó gba iwájú òkè kọjá rẹ́, ó sì gbà mí ní wákàtí mẹ́rin. Àfi ìgbà tí mo fẹ́ fi iṣẹ́ pamọ́ tí Photoshop, ètò kọ̀ǹpútà tí mo fi ń tún àwòrán ṣe, ní àyè ti tán lórí dísíìkì, bẹ́ẹ̀ sì ni GB 70 ṣófo lójú mi kedere. Ibi tí mo ti ń ronú ohun tí n ó ṣe ni wọ́n ti mú iná lọ, bátìrì laptop mi kò sì gbé ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ṣé èmi nìkan ni?

Ìyá Ìbejì
Wákàtí mẹ́rin! Ẹ pẹ̀lẹ́ o.

Akẹ́kọ̀ọ́ FUTA
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, orí dísíìkì wo ni GB 70 yẹn wà?

Oníkámẹ́rà Alágbàká
Orí D ni, àbúrò. Ó ku nǹkan bí GB 9 lórí C.

Akẹ́kọ̀ọ́ FUTA
Orí C gan-an ni ọ̀rọ̀ wà, ẹ̀gbọ́n. Ẹ fi 41,000 lọ 13,000, yóò fún yín ní píkísẹ́lì mílíọ̀nù 533. Bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ ní 16-bit (ìwọ̀n bí àwọ̀ ṣe jinlẹ̀ tó), báìtì mẹ́fà ni píkísẹ́lì kọ̀ọ̀kan ń jẹ, nítorí náà léyà kan ṣoṣo, ìyẹn ìpele àwòrán kan, ti gba GB 3.2 kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Nígbà tí RAM, ìyẹn ìrántí tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́, bá kún, Photoshop a máa lọ yá àyè lórí dísíìkì, èyí tí wọ́n ń pè ní scratch disk, orí C ni ó sì sábà máa ń lọ bí ẹ kò bá júwe ibòmíràn fún un. Gbogbo ìgbésẹ̀ tí ẹ lè dá padà ni ó ń tọ́jú síbẹ̀. Ẹ wọ inú Preferences, ẹ wá Scratch Disks, ẹ mú D, kí ẹ sì pa Photoshop kí ẹ tún ṣí i. Bí iye ìgbésẹ̀ History bá wà ní 50, ẹ dín in kù sí 10. Èmi náà ti sunkún rí lórí àwòrán ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ wa, mo kàn fẹ́ràn láti máa sọ pé eruku ló kó sí mi lójú ni.

Ọmọ Ẹkímọ̀gún
Àbúrò ti sọ òótọ́, ṣùgbọ́n kò tíì parí rẹ̀. Ká tilẹ̀ ní àyè wà lórí C, PSD, irú fáìlì tí Photoshop sábà máa ń fi iṣẹ́ pamọ́ sí, kò bá ti gba àwòrán náà, nítorí pé píkísẹ́lì 30,000 ni ó mọ lórí ìhà kọ̀ọ̀kan. PSB ni ẹ ó fi pamọ́ sí, èyí tí ó gbà dé 300,000. TIFF, irú fáìlì mìíràn, náà kì í kọjá GB 4, léyà méjì tiyín sì ti ré e kọjá. JPEG ní tirẹ̀ dúró sí 65,535, kò sì mọ léyà rárá.

Ọ̀rọ̀ GB 4 yìí ti dójú tì mí rí. Mo fẹ́ gbé fáìlì GB 5 láti Oǹdó wá sí Àkúrẹ́ fún ìtẹ̀wé, mo sì fẹ́ dà á sínú fláàṣì GB 32 tuntun kí n tó gbéra, ó kọ̀ jálẹ̀, ó ní fáìlì ti tóbi jù. Mo padà lọ bá ọmọ tí ó tà á fún mi, mo sì pariwo mọ́ ọn lójú àwọn ènìyàn pé ayédèrú ni. FAT32, ọ̀nà kan tí a ń gbà to fáìlì sórí fláàṣì, ni wọ́n fi tò ó, kì í sì í gba fáìlì kan ṣoṣo tí ó bá tó GB 4, bí ó ti wù kí fláàṣì ṣófo tó. Mo tún un tò sí exFAT, ọ̀nà mìíràn, ó sì gbà á wẹ́rẹ́. Mo ra ẹran àti búrẹ́dì fún ọmọ náà lọ́jọ́ kejì.

Bàbá Fíìmù
Láyé tiwa, gọ́ọ̀mù àti bíléèdì ni a fi ń lẹ̀ ẹ́.

Fóònù Ti Tó
Fóònù tèmi máa ń ya irú àwòrán yìí kí n tó mí léèmẹwàá. Kí ni gbogbo wàhálà yìí wà fún?

Ìyá Ìbejì
Ẹ lọ fi ti fóònù yín bo ògiri ẹsẹ̀ bàtà 24, ẹ ó rí i bí òkè ṣe ń di ẹ̀kọ.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Àwòrán àpéjọ ẹbí kan ni mo yà níwájú ilé wọn, mo bẹ̀rẹ̀ láti òsì, mo ń yí lọ díẹ̀díẹ̀. Bàbá kan tí ó gbé ike omi lọ́wọ́ ń rìn lọ sí ibi tí mo ń yí sí, èmi kò kíyè sí i. Ìgbà tí mo lẹ̀ wọ́n pọ̀ tán, bàbá kan náà dúró sí ibi mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀kẹta sì jẹ́ ìdajì, ike omi dá wà lófuurufú. Ìyàwó ilé wo àwòrán náà títí, ó wá bi mí pé ìgbà wo ni wọ́n bí àwọn ìbẹta sínú ẹbí wọn.

Akẹ́kọ̀ọ́ FUTA
Ìdajì wo ni ó gbé ike omi, mà?

Ìyá Ìbejì
Kò sí èyí tí ó gbé e, ọmọ mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi rẹ́rìn-ín kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo dá léyà àwòrán kọ̀ọ̀kan padà, mo fi mask (ìbòjú tí ń fi apá kan àwòrán pamọ́) bo méjì nínú wọn, iṣẹ́ náà sì wúwo débi pé fáànù kọ̀ǹpútà ń hu bí ọlọ ata.

Ọmọ Ẹkímọ̀gún
Ẹ fi èyí tí ó jẹ́ ìdajì sílẹ̀ fún ìrántí.

Atẹ̀wé Arákalẹ̀
Èmi tí ń tẹ̀wé ni mo fẹ́ bi yín léèrè, ẹ̀yin Oníkámẹ́rà: ta ni ó ní kí ẹ gbé 41,000 wá? Ẹsẹ̀ bàtà 24 jẹ́ íǹṣì 288. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ ní píkísẹ́lì 100 sí íǹṣì kan, 28,800 ni ẹ nílò, èyí kò sì tilẹ̀ dé ibi tí PSD ti ń dá ènìyàn dúró.

Ọmọ Ẹkímọ̀gún
Ọ̀gá mi, 300 ni wọ́n kọ́ wa. Ẹnikẹ́ni tí ó bá tẹ àwòrán ní 100 ń ba iṣẹ́ jẹ́ ni.

Atẹ̀wé Arákalẹ̀
300 jẹ́ ti ìwé tí a gbé sí àtẹ́lẹwọ́. Ní ògiri yẹn, 86,400 ni yóò jẹ́, tí ẹ kò tilẹ̀ yà. Àlejò tí ó ń wọ gbọ̀ngàn kì í fi imú kan òkè Ìdànrè, ọ̀nà jíjìn ni ó ti ń wò ó.

Ọmọ Ẹkímọ̀gún
Àwọn ọmọdé máa ń fi imú kàn án.

Bàbá Fíìmù
Ìyẹn kì í ṣe irọ́.

Oníkámẹ́rà Alágbàká
Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ará. Mo ti yí scratch sí D, mo dín àwòrán kù sí 28,800 kí n tó bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe, mo sì ń fi pamọ́ lẹ́yìn ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Wáyà iná ti lọ lẹ́ẹ̀kejì, àti láàárín ogójì ìṣẹ́jú. Mo pe oníbàárà mi láti fi ayọ̀ sọ fún un, ó sì rán mi létí ohun kan tí kò sọ tẹ́lẹ̀: ẹnu ọ̀nà wà láàárín ògiri náà.

Ìyá Ìbejì
Áà! Ibo ni orí òkè náà bọ́ sí?

Oníkámẹ́rà Alágbàká
Inú ẹnu ọ̀nà ni, mà.