"Ìyọ́jò" ni, kì í ṣe "ìṣànlọ": orúkọ fún oúnjẹ igi tó ń bá omi lọ

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ará.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń kọ ìwé ìléwọ́ fún àwọn tó ń tọ́ ọmọ igi ní Ẹ̀pẹ́ dábàá "ìṣànlọ" fún ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ tí a bá bomi rin igi inú àpò, tí omi gba ihò ìdí àpò jáde, tó sì gbé oúnjẹ tó yẹ kí gbòǹgbò mu lọ. Ẹlòmíràn ní "ìsẹ́dànù" ló dára jù. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ìkankan, nítorí ọ̀rọ̀ tí a bá mú ni olùtọ́jú igi máa fi ronú.

Ohun tó ń ṣàn, ojú ń rí i. Bí òjò oṣù Òkudù bá dà ní Ìkòròdú, gbogbo wa là ń rí ọ̀gbàrá pupa tó ń wọ́ ilẹ̀ lọ. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń lọ nìyẹn. Ti inú àpò yàtọ̀: iyẹ̀pẹ̀ kò kúrò níbi tó wà, omi tó jáde lè mọ́ gaara, kó sì ti gbé náítírójìn, ọ̀kan lára oúnjẹ igi, dání. Bí ìwé bá pè é ní ìṣànlọ, ojú àpò ni wọn á máa ṣọ́, ìdí rẹ̀ sì ni nǹkan ti ń lọ.

"Ìsẹ́dànù" sún mọ́ ọn díẹ̀. Àmọ́ ẹni tó ń sẹ́ ògì mọ̀ pé bí nǹkan ṣe tóbi sí ni asẹ́ fi ń yà á sọ́tọ̀. Ti ibí kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó ti yọ́ sínú omi là ń sọ, àti bóyá ilẹ̀ lè dì í mú. Amọ̀ àti ilẹ̀dú máa ń di àwọn oúnjẹ igi bíi potásíọ̀mù, kálísíọ̀mù àti amóníọ̀mù (ẹ̀yà náítírójìn kan) mú, torí iná mànàmáná ara àwọn oúnjẹ yìí jẹ́ pọ́sítíìfù, ti ilẹ̀ jẹ́ nẹ́gẹ́tíìfù, wọ́n sì ń fa ara wọn. Nẹ́gẹ́tíìfù ni ti náítíréètì, ẹ̀yà náítírójìn mìíràn, náà, ilẹ̀ kì í gbà á mọ́ra, omi tó bá kọjá ló ń bá lọ. Yúríà, ajílẹ̀ ilé-iṣẹ́ tó ní náítírójìn, tí a bù sí ìdí igi ọ̀gànwó kékeré á kọ́kọ́ di amóníọ̀mù. Kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀ á wá sọ ọ́ di náítíréètì. Ibẹ̀ ló ti ń bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Ìdí nìyí tí mo fi mú "ìyọ́jò" wá: ó yọ́, ó sì jò. Àwọn ìyá wa tó ń da omi sórí eérú nínú ìkòkò oníhò, kí wọ́n lè fi omi rẹ̀ se ọṣẹ dúdú, iṣẹ́ yìí gan-an ni wọ́n ń ṣe. Ohun tí wọ́n ń wá lójú méjèèjì ni àwa kò fẹ́ kó sọnù.

Èyí tó ká mi lára jù ni pé ìwé náà pe èédú lúbúlúbú, èèpo àgbọn tí a lọ̀, ìgbẹ́ adìẹ àti ìyẹ̀fun igi láti sọ́míìlì ní "ajílẹ̀" lápapọ̀. Ajílẹ̀ ń bọ́ igi. Èédú kò fi bẹ́ẹ̀ bọ́ ọ. Ńṣe ló ń bá yanrìn Àgbádárìgì di oúnjẹ mú, amóníọ̀mù ju náítíréètì lọ. Èèpo àgbọn ń mu omi dúró, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a kọ́kọ́ fọ iyọ̀ ara rẹ̀ kúrò. Ìgbẹ́ adìẹ jẹ́ ajílẹ̀ lóòótọ́, síbẹ̀ bí a bá bù ú jù, òun fúnra rẹ̀ á fi kún ìyọ́jò, torí ohun tó kó wá ju ohun tí gbòǹgbò kékeré lè mu lọ. Ìyẹ̀fun igi tútù ń dín ìyọ́jò kù, àmọ́ àwọn kòkòrò tó ń jẹ ẹ́ ti gba náítírójìn mọ́ igi lọ́wọ́, ewé á sì máa pọ́n. Ẹni tí a bá sọ fún pé ajílẹ̀ ni gbogbo wọn á kàn máa bù wọ́n kún àpò. Ẹ jẹ́ ká pe gbogbo wọn lápapọ̀ ní "atúnlẹ̀ṣe", ká sì fi "ajílẹ̀" sílẹ̀ fún èyí tó ń bọ́ igi.

Omi tó jáde nísàlẹ̀ kò nílò orúkọ tuntun; "omi ìyọ́jò" tó. Kí ìwé náà sọ fún wọn pé bí omi ìyọ́jò bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kán, kí wọ́n dáwọ́ omi bíbù dúró, kí wọ́n sì gbé àwọn àpò náà sábẹ́ ìbòrí nígbà òjò.