"Dreckly" kì í ṣe "lójú-ẹsẹ̀" o

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo rí ohun tí bọ̀dá wa kọ lórí ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ará Cornwall, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn England, pé "lójú-ẹsẹ̀" ni ká máa pe "dreckly" torí ara "directly" ló ti yọ. Bọ̀dá, ẹ má bínú, ibi tọ́rọ̀ ti wá ọ̀tọ̀, ibi tó dé ọ̀tọ̀.

Ọdún 11 ni mo fi gbé Camborne, ìlú kan ní Cornwall. Páìpù kíṣìnì mi ń jò, mo pe pọ̀lọ́mbà, ó ní òun á yọjú dreckly, mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sábẹ́ síǹkì mo ń wo ẹnu ọ̀nà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Bọ́kẹ́ẹ̀tì kún, mo dà á nù, ó tún kún. Nígbà tó dé kò tiẹ̀ bẹ̀bẹ̀, torí lójú tiẹ̀ kò purọ́.

"Tó bá yá" ni dreckly. Ẹ wo "yá" yẹn dáadáa. Tí wọ́n bá ní "ó yá", o ti dìde nìyẹn. Tí wọ́n bá ní "tó bá yá", lọ jókòó. Yá kan náà, ohùn òkè kan náà, "tó bá" ló gba eré lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Bí directly náà ṣe ya ọ̀lẹ ní Cornwall nìyẹn. (Ẹni tó kọ ọ́ ní "tó bá yà" lánàá, ọkọ̀ ló ń yà o, ẹ lọ tún un ṣe.) Ìyá mi àgbà, tí wọ́n bá ti ní "mò ń bọ̀" tí wọ́n sì ká ìró wọn dìde, a mọ̀ pé ó di alẹ́.

Ti "emmet", ìyẹn èèrà, tí àwọn ará Cornwall fi ń bú àwọn àlejò tó ń ya lọ sí St Ives, ìlú etí òkun wọn, nígbà ooru ńkọ́? Ẹ ní èdè Cornish, èdè ìbílẹ̀ Cornwall, ni. Rárá o! Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ni, ọmọ ìyá ni òun àti "ant". "Moryon" ni èdè Cornish ń pe èèrà. Tó bá jẹ́ Cornish gidi lẹ ń wá, ẹ mú "bal", ibi ìwakùsà, tí wọ́n fi ń pe àwọn obìnrin tó ń fi òòlù fọ́ òkúta kùsà lókè ilẹ̀ ní "bal maiden".

Ẹ̀gbọ́n kan wá ní ìjàlọ ló yẹ ká túmọ̀ emmet sí, pé èèrà kéré jù. Èmi ò gbà, ìjàlọ máa ń lé onílé jáde ni, àwọn èyí áísìkiriìmù ni wọ́n ń rà. Àbí... ní 2016 àwọn ará St Ives dìbò pé ilé tuntun ò gbọdọ̀ di ilé ìsinmi àlejò mọ́, torí ọmọ onílẹ̀ ò rílé rà. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n tún un rò ná.