Inú páìpù sténlẹ́ẹ̀sì ń jóná: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Adó, Dublin: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará Èkìtì. Àbúrò mi ọkùnrin ń jórin nílé ní Adó. Ẹnìkan tó ń ṣe yọ́gọ́ọ̀tì gbé páìpù sténlẹ́ẹ̀sì ínǹṣì méjì wá kó bá òun jó pọ̀. Ìta rẹ̀ ń dán gbinrin. Ìgbà tí wọ́n fi ayùn la ọ̀kan ni wọ́n rí i pé inú dúdú, ó rí hóró-hóró bí ìdí ìkòkò tí ìrẹsì jó mọ́. Oníyọ́gọ́ọ̀tì ní òun ò gbà á.

Wẹ́dà Ìkẹ́rẹ́, Jámánì: Oníyọ́gọ́ọ̀tì jàre. Wàrà á há sínú hóró yẹn, ọṣẹ ò sì ní í dé ibẹ̀. Krómíọ̀mù, irin kan tí wọ́n pò mọ́ ọn, ni kì í jẹ́ kí sténlẹ́ẹ̀sì dípẹtà, ṣùgbọ́n tí irin bá ti yọ́ tí ọ́síjìn sì bá a níbẹ̀, á ta kókó bí iyán tí wọn ò gún kúnná. (Ọmọ Èkìtì ò gbọdọ̀ gbà bẹ́ẹ̀!) Gáàsì argon tó ń ti ẹnu tọ́ọ̀ṣì TIG (irinṣẹ́ oníná tó fi ń jórin) jáde kí afẹ́fẹ́ má baà kan irin yíyọ́, ìta nìkan ló ń bò. Kó fi argon kún inú páìpù náà kó tó tanná rárá, títí kan ìgbà tó bá ń fi iná kàn án níbẹ̀rẹ̀ kó lè dúró.

Páìpù yẹn tó bá gùn ní mítà 6, inú rẹ̀ gba bíi lítà 11. Argon tó máa gba ibẹ̀ kọjá sì gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po 5 sí 10 rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ tó jáde tán. Owó ńlá nìyẹn! Èmi máa ń fi bébà tó ń yòrò nínú omi dí ọ̀tún àti òsì ojú ibi tí mo fẹ́ jó, ní bíi sẹ̀ǹtímítà 20 sí i kí ooru má baà dé ibẹ̀. Àlàfo àárín ò tó lítà kan mọ́. Argon lítà 8 ní ìṣẹ́jú kan, kí n tó ka ọgọ́ta ó ti kún. Họ́ọ̀sì á gba ìsàlẹ̀ bébà kan wọlé, torí argon wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Ihò kékeré á wà lókè bébà kejì. Kó lẹ téèpù fọ́ì mọ́ ojú ibi tí páìpù méjèèjì ti pàdé, kó máa ṣí i díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń jó o lọ. Tó bá tán, kó da omi sí i, bébà á yòrò lọ.

Ọmọ Ìjerò, Kánádà: Kó má fojú kéré ihò yẹn o. Mo dí tèmi pa lọ́dún tí mo kọ́kọ́ dé ibí. Ó ku díẹ̀ kí n jó o délẹ̀, gáàsì tí kò rọ́nà gbà fẹ́ irin yíyọ́ sí mi. Ọpẹ́lọpẹ́ ìbòjú. Ohun tó ń ti ihò jáde kò gbọdọ̀ ju èémí ọmọ tó ń sùn lọ.

Ọmọ Adó, Dublin: Wọ́n ní ohun kan wà tí wọ́n ń kùn sínú páìpù dípò argon?

Ọmọ Ìjerò, Kánádà: Ó wà. Ṣùgbọ́n ó máa ń fi nǹkan bíi gíláàsì sílẹ̀ nínú. Fún sàlẹ́ńsà ọkọ̀, ó dáa. Fún wàrà, rárá.

Ìyá Ìbejì, Ìdó: Gáàsì yìí ò ní í pa ọmọ ọlọ́mọ ṣá?

Wẹ́dà Ìkẹ́rẹ́, Jámánì: Kì í ṣe májèlé, mà, ṣùgbọ́n ó ń lé afẹ́fẹ́ tí èèyàn ń mí kúrò, kò sì rùn. Kó ṣí fèrèsé ṣọ́ọ̀bù, kó má sì ki orí bọ inú táǹkì tí argon wà.

Ọmọ Adó, Dublin: Ẹ ṣé gan-an. Ó ti gbìyànjú rẹ̀, ó tún la òmíràn. Inú rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú bíi koríko gbígbẹ, àfi ibi tó parí iṣẹ́ sí tó dúdú.

Wẹ́dà Ìkẹ́rẹ́, Jámánì: Rẹ́súrẹ́sú yẹn dáa. Ibi tó dúdú yẹn, ó yára pa gáàsì ni. Kó jẹ́ kó máa fẹ́ títí páìpù á fi tutù débi tí ọwọ́ á gbà á. Èyí tó ti dúdú, kó gé e kúrò, kó tún un jó.

Ọmọ Adó, Dublin: Ó ní sílíńdà ti gbẹ. Ó di ọjọ́ Ajé.